Ọmọ Wa àti Ọtí: Ìbéèrè Táwọn Òbí Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ Ń Bi Mí

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ pàjáwìrì nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Bí wọ́n bá pè mí sí ìpàdé òbí àti olùkọ́, tàbí tí ẹgbẹ́ àsáláátù tàbí ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀, ìbéèrè tí mò ń gbọ́ lórí ọmọ àti ọtí kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì dá wọn lóhùn bí mo ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá lọmọ mi. Ṣé kò tíì yá jù láti bá a sọ̀rọ̀ ọtí?

Kò yá jù. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ti mọ orúkọ ọtí tí bàbá rẹ̀ ń mu, ó mọ iye tí wọ́n ń tà á, ó sì mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń rà á, torí òun la máa ń rán. Bó ṣe ń gbé ìgò náà sọdá títì bọ̀ wálé, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láàárín òun àti ọtí. Àwa nìkan la ò tíì dá sí i.

Bí ojú àwọn ọmọ tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ wa bá ti wálẹ̀, mo máa ń bi wọ́n pé, "Ta ló kọ́kọ́ fún ẹ mu?" Ẹ lè rò pé orúkọ ọ̀rẹ́ burúkú ni mò ń gbọ́. Èyí tí mò ń gbọ́ jù ni "bọ̀dá mi," "níbi ìnáwó màámá wa," "Dádì ló ṣẹ́ díẹ̀ kù sínú ife." Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ilé náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kó ọtí ròde.

Mo rí i lójú ara mi níbi òkú àgbà kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n ní kí àwọn ọmọkùnrin máa kó ìgò òfìfo sínú kíréètì lẹ́yìn àwọn àlejò. Ọ̀kan wà nínú wọn tí n kò rò pé ó ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, aṣọ ẹbí tó wọ̀ tóbi jù ú lọ. Bó bá ti mú ìgò, yóò gbé e sókè wò lójú iná. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá kù nísàlẹ̀ rẹ̀, yóò yíjú sẹ́yìn, yóò fà á mu, yóò wá rọra ki ìgò bọ kíréètì kó má baà dún. Mo ka ìgò mẹ́sàn-án kí n tó dìde lọ bá a. Àgbà mẹ́fà ló jókòó ti tábìlì yẹn, wọ́n ń yìn ín pé ọmọ dáadáa ni, pé ó mọṣẹ́ ṣe. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó fẹ́ ibi fún un. Wọn ò wò ó ni.

Nítorí náà, láti ìgbà tó bá ti tó ẹni tí à ń rán níṣẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má pè é jókòó bí ẹni fẹ́ ṣe ìwàásù. Ọ̀rọ̀ gbólóhùn méjì mẹ́ta ti tó: lọ́jọ́ tí ẹ bá rí ẹni tó mutí yó lẹ́bàá ọ̀nà, lọ́jọ́ tí ìpolówó ọtí bá jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ sọ fún un pé ọpọlọ èèyàn ṣì ń dàgbà títí di nǹkan bí ọdún 25, àti pé èyí tó ṣì ń dàgbà ni ọtí tètè ń bàjẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán ọmọ lọ ra ọtí mọ́. Ẹni tó fẹ́ mu ún ní ẹsẹ̀.

Ṣé kò sàn kí n máa fún un ní díẹ̀ lójú ara mi, kó má baà máa wá a kiri níta?

Àwọn bàbá ló sábà máa ń bi mí léèyí, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló ń mú wọn bi í. Ní Ọsirélíà, àwọn onímọ̀ tẹ̀ lé nǹkan bí ọ̀dọ́ 1,900 pẹ̀lú òbí wọn fún ọdún mẹ́fà, wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Àwọn ọmọ tí òbí ń fún ní ọtí kò tìtorí ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ewu kankan. Ńṣe ni wọ́n tún ń rí ọtí gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ju àwọn tí òbí wọn kò fún lọ. Ohun tí ọmọ rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ilé fọwọ́ sí i.

Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà náà fi hàn pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ọtí kó tó pé ọdún 15, ó ṣeé ṣe kó di bárakú fún un ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ju ẹni tó dúró títí tó fi lé ní 20 lọ. Ọdún kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi dá a dúró, èrè ni.

Ọtí inú ọ̀rá kékeré yẹn ńkọ́? Ó mà kéré.

Òun ló ń já mi láyà jù. Kò gba ife, kò gba ìgò, kò gba owó ńlá, ó sì wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì yunifọ́ọ̀mù láìwú síta.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọ̀rá kan jẹ́ mílílítà 30, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì lé díẹ̀ ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọtí gidi tó wà nínú rẹ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 10. Ìgò bíà ńlá, èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 60, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ní nǹkan bí gíráàmù 24. Ọmọ tó fa ọ̀rá mẹ́ta mu kí aago ìsinmi tó parí nílé ìwé ti mu ju ìgò bíà ńlá kan lọ, ó sì mu ún láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Àgbà tó ra bíà jókòó tì í fún wákàtí kan ni.

NAFDAC bá àwọn tó ń ṣe é ṣe àdéhùn ní 2018 pé kó fi máa di January 2024, ọtí inú ọ̀rá àti inú ìgò kékeré gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibi tí wọ́n ti ń ṣe é pa, ariwo pọ̀, àwọn aṣòfin dá sí i, wọ́n sì tún fún wọn láàyè sí i. Inú mi ò dùn sí i, torí àwọn tó ń pariwo kò sí lọ́dọ̀ wa lóru Sátidé. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de Àbújá. Kí ẹ tó fọ ṣòkòtò ọmọ, ẹ tú àpò rẹ̀ wò. Igun ọ̀rá tí wọ́n fi eyín já lẹ máa bá níbẹ̀, tínńtín báyìí, ọmọ ti ju ìyókù nù.

Àwọn kan máa ń dà á sínú ìgò mínírà kí wọ́n tó wọ kíláàsì. Àwọn mìíràn ń pò ó mọ́ ẹnájì dríńkì, èyí tó burú jù, torí ẹnájì kì í jẹ́ kó mọ̀ lára pé òun ti yó. Ọtí wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pátápátá, ó kàn rò pé ojú òun dá ni. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló máa ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àwọn yòókù pé òun lè wà á. Èyí tí wọ́n bá sì pò mọ́ kódíìnì tàbí tramadol lè dá èémí dúró lójú oorun. Mo ti rí i.

Bíà kan ṣoṣo ńkọ́?

Ọmọkùnrin tó wọn kìlógíráàmù 50, tó mu ìgò ńlá kan kíákíá láìjẹun, lè ti kọjá iye ọtí tí òfin Nàìjíríà gbà kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó ń wakọ̀. Ẹ̀dọ̀ yóò lo wákàtí méjì sí mẹ́ta kó tó pa ìgò kan yẹn rẹ́.

Ẹmu kì í ṣe ọtí, àbí?

Ọtí ni. Èyí tí wọ́n dá sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ máa ń dùn, ó sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n kì í dúró bẹ́ẹ̀, ó ń hó títí di ìrọ̀lẹ́, bó ṣe ń kan ni agbára rẹ̀ ń le. Ọmọ tó mu ife kan láàárọ̀ tí kò ṣe é ní nǹkan kan yóò mu ife kan náà lálẹ́, yóò sì bá ọ̀tọ̀ níbẹ̀.

Ìyá alágbo ló ń fún ọmọ mi ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Ṣé ìyẹn náà ka?

Ẹ bi í pé kí ló fi rẹ ewé náà. Bó bá jẹ́ omi tàbí omi ògì, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Bó bá jẹ́ ògógóró, páragà nìyẹn, orúkọ tí wọ́n ń pè é kò yí ohun tó wà nínú rẹ̀ padà. Mo ń sọ èyí ní pàtàkì fún ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣe kọ̀ǹdọ́ tàbí tó ń kọ́ṣẹ́ ní gáréèjì, yálà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ṣágámù. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ti ń mu "opa ẹ̀yìn" níbẹ̀, awakọ̀ àti kọ̀ǹdọ́ rẹ̀, kí ọkọ̀ tó gbéra. Bọ́ọ̀sì yẹn ń lọ sójú márosẹ̀ láàárín àwọn tírélà tó ń lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Benin.

Ọtí wà nínú ohun àdúrà tá a fi ń sọmọ lórúkọ. Ṣé kí a yọ ọ́ kúrò ni?

Rárá o. "Ọtí kò ní tí," àdúrà tó dára ni, a ṣe é fún àwọn ọmọ mi náà. Ṣùgbọ́n kò síbi tí àṣà ti ní kí a bu ún fún ọmọ ọdún mẹ́ta tó dúró nítòsí, kó máa fajú ro, kí gbogbo ilé máa rẹ́rìn-ín, kí ẹnì kan sì gbé fóònù sókè kó máa yà á. Àwa la fi ìyẹn kún un. Ti ìkókó fúnra rẹ̀, kí bàbá àti ìyá tọ́ ọ wò dípò rẹ̀. Oyin náà, èmi gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì á ní kí bàbá àti ìyá fi kan ètè tiwọn, kí wọ́n má fi kan ẹnu ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, torí oyin kò dára fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.

Ọjọ́ Ojúde Ọba, ilé kún, ọtí wà níbi gbogbo. Báwo la ṣe lè ṣọ́ àwọn ọmọ?

Mo fẹ́ràn ọjọ́ yẹn, kí ẹ má rò pé ọ̀tá ìnáwó ni mí. Ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn régbèrégbè, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, bá tò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹṣin àwọn ìdílé Balógun ń jó, orí ọmọ Ìjẹ̀bú wo ni kì í wú? Ìkíni tí àwọn Mùsùlùmí ìlú wá ń kí Awùjalẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí ọmọ kan bá parí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì wa.

Kì í ṣe ojúde ni iṣẹ́ tiwa ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni, nígbà tí kálukú bá ti padà sí agbo ilé, tí kánópì wà lójú títì, tí wọ́n ṣí kúlà sílẹ̀, tí orin ń lọ. Ọmọ ọdún 15 wọ aṣọ ẹgbẹ́, ó dé fìlà, ó dà bí àgbà lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni lè na ìgò sí i.

Nílé tiwa, ohun tí à ń ṣe nìyí. Kúlà méjì la máa ń ní, a kì í gbé wọn sún mọ́ra. Omi àti mínírà wà nínú ọ̀kan, àwọn ọmọ lè bu ún bó ṣe wù wọ́n. Ọtí wà nínú èkejì, ẹnì kan ló ń mójú tó o. Àǹtí mi kan tí ojú kì í tì la fi síbẹ̀, ó jókòó ti kúlà náà bí ẹni jókòó ti owó ilé. Bí ọmọ bá dé pé "Wọ́n ní kí n gbà á fún bọ̀dá," èsì rẹ̀ kì í yí padà: "Kí bọ̀dá fẹsẹ̀ ara wọn wá." Lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn kan bínú pé a fi wọ́n wọ́lẹ̀. Lọ́dún kejì, wọ́n ti ń dìde wá gbà á fúnra wọn, wọ́n tún ń kí i. Àgbà la sì máa ń ní kó kó ìgò òfìfo, ẹ ti mọ ìdí rẹ̀.

Èkejì ni kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Kí a tó ṣí ìgò àkọ́kọ́, ẹni tó máa wakọ̀ padà sí Èkó tàbí Ìbàdàn ti gbọ́dọ̀ yọjú, kó gba kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́, kó má sì fẹnu kan ọtí rárá. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sùn. Ẹní wà nílé. Mo mọ̀ pé ẹnu kì í gbà láti sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹni pé "Ẹ ti mu, ẹ má wakọ̀." Ẹ wí i lọ́nà mìíràn: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sùn, a ò tíì ríra tó." Ọmọ tó wà nítòsí ń gbọ́, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ èèyàn tìfẹ́tìfẹ́.

Ọ̀dọ́ tó bá ní òun fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ ní agbo ilé mìíràn, ẹ mọ ilé ta ni, ẹ mọ ohun tó gbé e lọ, ẹ sì mọ ẹni tó máa dá a padà.

Kí ni òfin sọ?

Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ta ọtí fún un, kò sì lè gba ìwé ìwakọ̀. Àgbàlagbà tó ń wakọ̀, ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 50 nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé fún àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀, kó má ju 20 lọ. Ẹni tó bá gun ọ̀kadà gbọ́dọ̀ dé akoto, àtẹni tó gbé sẹ́yìn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC àti àwọn TRACE ti ìpínlẹ̀ Ògùn ń dá ọkọ̀ dúró ní márosẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn kò tó àwọn ọ̀nà àdúgbò. Ojú tiwa ló tó o.

Ọmọ mi kì í gun ọ̀kadà jìnnà, àdúgbò nìkan ni. Ṣé ó yẹ kẹ́rù bà mí?

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní jàǹbá ọkọ̀ ló ń pa àwọn ọmọ ọdún 5 sí 29 jù lọ láyé. Ní tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan péré.

Ọmọ ọdún 16 ni. Wọ́n gbé e wá lálẹ́ Sátidé kan. Ó gbé ọ̀kadà bọ̀dá rẹ̀ láìtọrọ, ó sì ṣubú lójú ọ̀nà kékeré kan tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílé wọn. Itan rẹ̀ kán. Bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ dé. Mo ń fi sísọ́ọ̀sì gé ṣòkòtò kúrò lára rẹ̀ nígbà tó bi mí pé aago mélòó ló lù. Mo ní mẹ́wàá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó bú sẹ́kún. Mo rò pé ìrora ni, mo ní kó rọ́jú, abẹ́rẹ́ ń bọ̀. Ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, Dádì máa ń ti géètì laago mẹ́wàá."

Ohun tó gbé e gun ọ̀kadà nìyẹn. Ó ti mu ọ̀rá mẹ́ta níbi ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó mọ̀ pé òòyì ń kọ́ òun. Fóònù wà lápò rẹ̀, owó ìpè wà lórí rẹ̀. Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ wà nílé. Ṣùgbọ́n ó ro ariwo, ó ro ẹgba, ó ro géètì, ọ̀kadà wá dà bí ohun tó rọrùn jù lójú rẹ̀. Bàbá náà dé, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó kàn di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Kì í ṣe bàbá burúkú. N kò lè sọ ohun tí ọmọ sọ fún mi fún un lálẹ́ yẹn. Ẹ̀yin ni mò ń sọ ọ́ fún.

Kí ló wá yẹ kí n ṣe? Ṣé kí n má ti géètì mọ́ ni?

Ẹ ti géètì yín. Ṣùgbọ́n kí ọmọ mọ̀ pé ìpè kan wà tó ń ṣí i.

Ní ọdún 1981, ní ìlú Wayland ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí jàǹbá ọkọ̀ pa àwọn ọmọ ilé ìwé gíga kan, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Robert Anastas àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ SADD sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó lòdì sí mímutí wakọ̀. Wọ́n kọ àdéhùn kan sínú ìwé, ọmọ á fọwọ́ sí i, òbí náà á fọwọ́ sí i. Ọmọ ṣèlérí pé bí òun tàbí ẹni tó gbé òun bá ti mu, òun á pe ilé. Òbí ṣèlérí pé òun á wá gbé e nígbàkigbà, níbikíbi, láìsí àríyànjiyàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Òbí tún ṣèlérí pé òun náà kò ní mutí wakọ̀. Apá ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ wa ń fò.

Èmi àti àwọn ọmọ mi ti ṣe tiwa, lẹ́nu lásán, lórí tábìlì oúnjẹ. Wọ́n mọ nọ́ńbà mi lórí, torí fóònù lè kú. A mọ ọlọ́kadà kan àti onímáàrúwá kan ládùúgbò tí kì í mutí, tí mo lè jí lóru, tí mo máa sanwó fún bó bá dé. A ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa sọ bí àwọn ọ̀rẹ́ bá ń gbọ́: wọ́n á bi mí bóyá màámá àgbà ti lo oògùn wọn. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé kí n máa bọ̀, èmi ni mo sì máa pariwo lórí fóònù pé kó máa bọ̀ nílé kíá, kó lè rí mi di ẹ̀bi rù lójú wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ẹjọ́. Omi, oúnjẹ, oorun. Ọ̀la la máa sọ ọ́, a sì máa sọ ọ́ dáadáa.

Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń fún wọn láyè láti mutí nìyẹn?

Bàbá kan dìde bi mí léèyí ní Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo bi í pé bí ọmọ rẹ̀ bá jí ẹran jẹ tí egungun há a lọ́fun, ṣé kó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ni, àbí kó kọ́kọ́ ké? Ìjìyà wà, n kò ní kó má sí. Ọmọ mi ọkùnrin pè mí lẹ́ẹ̀kan, mo lọ gbé e, n kò sọ nǹkan kan títí a fi délé. Lọ́jọ́ kejì, mo gba fóònù rẹ̀ fún oṣù kan, kò sì lọ òde kankan títí ọdún fi parí. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a máa ń fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ọ̀tún ṣáájú lálẹ́ yẹn.

Ọmọbìnrin ńkọ́?

Omi inú ara obìnrin kéré sí ti ọkùnrin, nítorí náà iye ọtí kan náà máa ń le lára rẹ̀ jù. Ewu kejì ni ti àwọn tó ń dúró kó yó. Ẹ kọ́ ọ pé kó má gba ohun mímu tí kò sí lójú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí i, kó má sì padà sórí ife tó gbé kalẹ̀ lọ jó. Bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀ sí i, ẹ jọ̀ọ́, kí "Ta ló ní kó o mutí?" má jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa gbọ́. Ẹni tó ṣe é ló jẹ̀bi. Ẹ gbé e wá sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kó má tíì wẹ̀, torí àwọn oògùn kan wà tí wákàtí ni wọ́n ń bá du.

Ọmọ ti yó báyìí, ó wà nílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ pè é, ẹ gbọ̀n ọ́n léjìká. Bó bá dáhùn, ẹ jẹ́ kó jókòó, ẹ fún un lómi díẹ̀díẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Bí kò bá jí, tàbí tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀ tó fi ń tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó mí òmíràn, tí ara rẹ̀ tutù, tí ètè rẹ̀ dúdú tàbí tó ń ní gìrì, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112, ti FRSC fún jàǹbá ọkọ̀ ni 122. Ẹ yí i dùbúlẹ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí èébì má baà há a lọ́fun.

Ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ má da omi tútù sí i lórí. Ẹ má sì sọ pé "Kó sùn, ojú rẹ̀ á dá," torí ọtí inú ikùn ṣì ń wọ ẹ̀jẹ̀ nígbà tó ń sùn, ṣúgà ara ọmọ sì tètè máa ń lọ sílẹ̀ bó bá mutí. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ sọ òótọ́ ohun tó mu. Àwọn ìyá kan ti fi ìtìjú pa á mọ́ fún mi pé ibà ni, a sì pàdánù àkókò.

Kọfí tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ kò lè jẹ́ kí ojú rẹ̀ dá?

Rárá. Àkókò nìkan ni.

Ọtí ni mò ń tà. Bí mo bá lé àwọn ọmọ, ṣọ́ọ̀bù kejì ni wọ́n máa lọ.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Ìyá kan ní Ìpẹru tó ń ta mínírà àti ọtí sọ bí òun ṣe ṣe é fún mi. Ó lọ bá àwọn mẹ́ta tó kù ní òpópónà wọn, wọ́n jọ fẹnu kò pé aṣọ ilé ìwé kò ní ra ọtí lọ́wọ́ wọn, yálà ó ní bàbá òun ló rán òun tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Torí pé wọ́n jọ ṣe é ni, kò sẹ́ni tí ọjà rẹ̀ kú. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ọjà tiyín náà ni ọjà tí òwe yẹn ń sọ.

Bàbá wọn fúnra rẹ̀ ló ń mu tó sì ń wakọ̀. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá ọmọ wí?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń bi mí ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí ìpàdé bá tú. Ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín. Ó ṣòro. Ẹ má bá a jà nígbà tó bá ti mu, òwúrọ̀ ni kí ẹ sọ ọ́, kí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún sì wà níbẹ̀: ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀rẹ́ inú régbèrégbè rẹ̀, àlùfáà tàbí ìmáàmù rẹ̀. Ẹ ní kó wá rí dókítà, torí ẹni tí ọtí ti di bárakú fún, àìsàn ló ń ṣe é, àìsàn náà sì ní ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gba ìdúró: ẹ má jẹ́ kí ọmọ wọ ọkọ̀ tó ń wà lọ́jọ́ tó bá ti mu, kódà bó jẹ́ ilé ìjọsìn lẹ ń lọ. Ẹ wọ ọ̀kadà. Kó bínú. Ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ láìbú bàbá rẹ̀ lójú rẹ̀.

Ọmọ ọdún 16 ni mí. Mo wà níbi òde báyìí, ẹni tó gbé mi wá ti mu. Báwo ni mo ṣe máa délé?

Ọmọ mi, o ṣeun tó o béèrè. Má gun ohun tó gbé ẹ wá, ì báà jẹ́ ọ̀nà ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò pọn dandan kó o bá a jà. Sọ pé ẹnì kan ń bọ̀ wá gbé ẹ. Pe ilé nísinsìnyí, má dúró di ìgbà tí òde bá tú. Bí o kò bá lè pe Dádì, pe Mọ́mì. Bí o kò bá lè pe àwọn méjèèjì, pe àǹtí tàbí olùkọ́ tó o gbọ́kàn lé. Bí fóònù rẹ bá ti kú, lọ bá ìyá tó ń se oúnjẹ lẹ́yìn ilé, wọ́n sábà máa ń pẹ́ jù níbi òde, wọn kì í sì í mutí lẹ́nu iṣẹ́. Kúnlẹ̀ kí wọn, sọ fún wọn pé ẹni tó gbé ẹ wá ti mu, o fẹ́ fi fóònù wọn pe ilé. Jókòó tì wọ́n níbi tí iná wà. Bí ọ̀rẹ́ rẹ kan bá wà níbẹ̀ tí òun náà fẹ́ wọ ọkọ̀ yẹn, pè é wá jókòó tì ẹ́. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá gbé ẹ á gba ẹni méjì.